Ta ló ni ìparí ọ̀rọ̀ yìí? Ìdáhùn lórí ìpìlẹ̀ gírámà Híńdì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì ti gba àyè láti lọ kàwé gboyè kejì ní Lucknow ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Mo ti fi áàpù orí fóònù há ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ Híńdì sórí, ṣùgbọ́n gbólóhùn kò tò lẹ́nu mi. Mo rí ‘kā’, mo rí ‘ke’, mo rí ‘kī’, wọ́n sì ní ìtumọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Mo rí ‘Rām ne roṭī khāī’, wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé Rām jẹ róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, n kò sì mọ ohun tí ‘ne’ ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ará Íńdíà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ‘maiṁ Lakhnaū jā rahā hūṁ’, mo ń lọ sí Lucknow, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọkùnrin ni mo ṣe sọ̀rọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé dandan sì ni kí n kọ́ ìkọ̀wé wọn?

Ìdáhùn: Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dààmú yín yìí, orísun kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kì í pa ara dà nítorí ibi tó wà nínú gbólóhùn. ‘Ọmọ’ ni ‘ọmọ’, yálà òun ló ń ṣe nǹkan tàbí òun ni a ń ṣe nǹkan sí, yálà ó jẹ́ ọ̀kan tàbí ogún, bẹ́ẹ̀ ni ‘lọ’ kò bìkítà bóyá ọkùnrin ló lọ tàbí obìnrin. Híńdì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ a máa yí padà, kì í sì í dédé yí padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ mìíràn kan nínú gbólóhùn náà ló pàṣẹ fún un. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí -ā, -e tàbí -ī ní ìparí ọ̀rọ̀, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín ni pé: ta ló ni ìparí yìí? Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú gírámà Híńdì wà nínú ìdáhùn ìbéèrè náà. Ní ti ìyókù, ẹ óò rí i pé èdè Yorùbá ti kọ́ yín ní púpọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fura.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú Híńdì tí à ń sọ. Híńdì tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé-ìwé, tí ìgbìmọ̀ tó kọ òfin orílẹ̀-èdè Íńdíà fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí èdè ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1949, orí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní agbègbè Delhi àti Meerut ni wọ́n gbé e kà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2011, àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tó ń fi Híńdì ṣe èdè abínibí lé ní 528 mílíọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sọ Bhojpuri, Awadhi àti àwọn èdè mìíràn tó yàtọ̀ gan-an síra wọn wà nínú iye náà. Urdu, tí ẹ óò máa gbọ́ dáadáa ní Lucknow, bá Híńdì dọ́gba ní gírámà. Ìkọ̀wé àti àwọn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n fi yàtọ̀, nítorí náà ohun tí ẹ bá kọ́ níbí yóò wúlò fún yín nínú èdè méjèèjì.

Ní ti ìkọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni, dandan ni. Ẹ kọ́ Devanagari, ìkọ̀wé tí wọ́n fi ń kọ Híńdì, kí ẹ sì kọ́ ọ kí ẹ tó kó ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i sórí, nítorí pé lẹ́tà a b d tí àwọn áàpù ń lò máa ń fi àwọn ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì pa mọ́. Kì í ṣe ìkọ̀wé tó ṣòro tó bí ojú ṣe rí i. Láti apá òsì sí apá ọ̀tún ni wọ́n ń kọ ọ́, bíi tiwa, ìlà gbọọrọ kan sì wà lórí tí àwọn lẹ́tà rọ̀ mọ́. Lẹ́tà kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan ti gbé fáwẹ́lì ‘a’ kúkúrú kan dání: क jẹ́ ‘ka’. Bí ẹ bá fẹ́ fáwẹ́lì mìíràn, ẹ óò fi àmì kan kún un: का jẹ́ ‘kā’, के jẹ́ ‘ke’, की jẹ́ ‘kī’. Ẹ ò rí i pé mẹ́ta tó ń dààmú yín nìyẹn. Tí lẹ́tà bá wà ní ìparí ọ̀rọ̀, ‘a’ inú rẹ̀ kì í sábà dún, ìdí nìyẹn tí राम fi jẹ́ ‘Rām’ tí kò jẹ́ ‘Rāma’.

Nínú ìdáhùn yìí, ìlà orí ā, ī àti ū ń sọ pé fáwẹ́lì náà gùn, kì í ṣe àmì ohùn, nítorí pé Híńdì kì í lo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láti yà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bí a ti ń ṣe. Gígùn ni wọ́n fi ń yà á: ‘kam’ ni kékeré ní iye, ‘kām’ sì ni iṣẹ́. Àmì ‘ṁ’ dúró fún àránmúpè, irú èyí tí a ń fi ‘n’ kọ nínú ‘ìtàn’ tàbí ‘ẹyin’, kò sì yẹ kí ó fún yín ní wàhálà kankan. Ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni kì í lè ṣàlàyé dáadáa, tí ọmọ Yorùbá yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀: Híńdì ya ‘e’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ẹ’, ó sì ya ‘o’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ọ’. Ohun tí wọ́n ń fi a b d kọ bí ‘ai’ ni ‘ẹ’ tiwa, ohun tí wọ́n ń kọ bí ‘au’ sì ni ‘ọ’. Nípa bẹ́ẹ̀, ‘hai’ dún bíi ‘hẹ’, ‘maiṁ’ dún bíi ‘mẹ’ tí a rán mú, ‘aur’ tó jẹ́ ‘àti’ sì dún bíi ‘ọr’, ó yàtọ̀ sí ‘or’ tó jẹ́ ‘ìhà’.

Ibi tí ẹnu wa kò ti mọ́ ọn ni ọ̀rọ̀ atẹ́gùn àti ọ̀rọ̀ ahọ́n. Ìlà kìíní nínú kọ́ńsónáǹtì wọn ni क ख ग घ, ‘ka, kha, ga, gha’: èyí tí a fi ‘h’ kún ní atẹ́gùn tó ń jáde tagbáratagbára lẹ́yìn rẹ̀, ó sì lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Ẹ gbé ọwọ́ yín síwájú ẹnu, kí ẹ sọ ‘kānā’, kí ẹ sì sọ ‘khānā’. Ti àkọ́kọ́ ni ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́, ti èkejì sì ni oúnjẹ, atẹ́gùn tó bá kan ọwọ́ yín ni ìyàtọ̀ wọn. Bákan náà ni ‘t’ méjì wà: त ni èyí tí ahọ́n fi kan eyín, ट, tí mo kọ bí ‘ṭ’, ni èyí tí ahọ́n ti ká sẹ́yìn kan àjà ẹnu. Ẹ sì má ṣe pe ‘p’ inú ‘pānī’, omi, bí ẹni pe ‘p’ inú ‘pátápátá’. Ètè nìkan ló ń ṣe é, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ohùn. Ní ti ètò gbólóhùn, olùwà ló ń ṣáájú, àbọ̀ á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀-ìṣe á sì kẹ́yìn. ‘Maiṁ chāy pītī hūṁ’ ni obìnrin yóò sọ bí ó bá fẹ́ sọ pé òun máa ń mu tíì: ‘maiṁ’ ni èmi, ‘chāy’ ni tíì, ‘pītī hūṁ’ ni máa ń mu. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn wọn náà ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni, kì í ṣáájú rẹ̀: ‘ghar meṁ’ ni nínú ilé, ‘mez par’ ni lórí tábìlì, ‘Ibadan se’ ni láti Ìbàdàn, ‘shām tak’ ni títí di ìrọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, etí á ti gba èyí, n kò sì rò pé ó yẹ kí a pẹ́ lórí rẹ̀.

Akọ àti abo ni ọ̀rọ̀ gan-an. Gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ Híńdì pátá ló jẹ́ akọ tàbí abo, kì í ṣe ènìyàn àti ẹranko nìkan. Ìlẹ̀kùn, ‘darvāzā’, jẹ́ akọ, fèrèsé, ‘khiṛkī’, sì jẹ́ abo. Ìrẹsì, ‘chāval’, jẹ́ akọ, ọbẹ̀ ẹ̀wà tí wọ́n ń dà lé e, ‘dāl’, jẹ́ abo. Ẹ má wá ìdí rẹ̀ nínú nǹkan náà fúnra rẹ̀, ẹ kò ní í rí i. Ìparí ọ̀rọ̀ máa ń ran ni lọ́wọ́ dé àyè kan: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó parí sí -ā jẹ́ akọ, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó parí sí -ī sì jẹ́ abo. Ṣùgbọ́n ‘pānī’, omi, ‘ghī’, òrí màlúù, àti ‘hāthī’, erin, jẹ́ akọ, nígbà tí ‘havā’, afẹ́fẹ́, ‘davā’, oògùn, àti ‘bhāshā’, èdè, jẹ́ abo. Àwọn tó parí sí kọ́ńsónáǹtì kò tilẹ̀ fi àmì kankan hàn: ‘ghar’, ilé, jẹ́ akọ, ‘kitāb’, ìwé, jẹ́ abo. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bọ́: ‘bas’, ‘kār’ àti ‘ṭren’ jẹ́ abo, ‘fon’ àti ‘kampyūṭar’ jẹ́ akọ. Orúkọ èdè jẹ́ abo, nítorí náà bí ẹ bá ń fi Híńdì sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá, abo ni Yorùbá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe há ọ̀rọ̀-orúkọ kankan sórí ní òun nìkan mọ́. Ẹ máa fi ‘achchhā’, tó túmọ̀ sí dáradára, ṣáájú rẹ̀. Ẹ má kọ́ ‘kitāb’, ẹ kọ́ ‘achchhī kitāb’. Ẹ má kọ́ ‘ghar’, ẹ kọ́ ‘achchhā ghar’. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó bá parí sí -ā máa ń bá ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ mu: -ā fún akọ ẹyọ kan, -e fún akọ púpọ̀, -ī fún abo, ìbáà jẹ́ ọ̀kan tàbí púpọ̀. Àwọn tí kò parí sí -ā, bíi ‘lāl’, pupa, tàbí ‘sāf’, mímọ́, kì í yí padà rárá. Bí ẹ bá kó igba ọ̀rọ̀ sórí láìmọ akọ àti abo wọn, ẹ óò tún padà kó wọn lẹ́ẹ̀kejì ni, mo sì gbà pé ohun tí áàpù yín ti jẹ́ kí ẹ ṣe nìyẹn.

Púpọ̀ náà ní ìrísí tirẹ̀. ‘Laṛkā’, ọmọkùnrin, á di ‘laṛke’. ‘Laṛkī’, ọmọbìnrin, á di ‘laṛkiyāṁ’. ‘Kitāb’ á di ‘kitābeṁ’. Akọ tí kò parí sí -ā, bíi ‘ghar’, kò ní í yí padà.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò kọjá, tó sì ń bá wọn dé ọdún kejì. Nígbà tí ọ̀rọ̀-atọ́kùn bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-orúkọ náà gbọ́dọ̀ tẹríba fún un, bí ọmọ tó rí àgbà. ‘Laṛkā’ ni ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n ‘laṛke ko’ ni fún ọmọkùnrin, kì í ṣe ‘laṛkā ko’. ‘Kamrā’ ni yàrá, ‘kamre meṁ’ ni nínú yàrá. Ti púpọ̀ rọrùn, nítorí pé -oṁ ni gbogbo wọn ń gbà: ‘laṛkoṁ ko’, ‘laṛkiyoṁ ko’, ‘gharoṁ meṁ’, ‘kitāboṁ meṁ’. Àwọn orúkọ ìbátan bíi ‘pitā’, bàbá, àti ‘chāchā’, àbúrò bàbá, kò ní í tẹríba bẹ́ẹ̀. ‘Pitā ko’ ni. Ẹ wo gbólóhùn yìí dáadáa: ‘mere baṛe kamre meṁ do khiṛkiyāṁ haiṁ’, fèrèsé méjì wà nínú yàrá ńlá mi. Yàrá mi tó tóbi ni ‘merā baṛā kamrā’, ṣùgbọ́n ‘meṁ’ dé, ‘kamrā’ di ‘kamre’, àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ sì bá a tẹríba, ‘merā’ di ‘mere’, ‘baṛā’ di ‘baṛe’. Yàrá kan ṣoṣo ṣì ni. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé yàrá púpọ̀ ni wọ́n ń wí.

A ti dé ibi tí ‘kā, ke, kī’ yóò ti tú ara rẹ̀ ká. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń so ohun ìní mọ́ oní-nǹkan, ṣùgbọ́n oní-nǹkan ló ń ṣáájú, òdìkejì tiwa. Ilé ọmọkùnrin náà ni ‘laṛke kā ghar’, ìwé ọmọkùnrin náà ni ‘laṛke kī kitāb’, àwọn ọmọkùnrin Rām ni ‘Rām ke laṛke’. Ta ló ni ìparí? Ohun ìní ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó ní in. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Sītā tó jẹ́ ọkùnrin ni ‘Sītā kā bhāī’, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni Sītā. Tó bá jẹ́ obìnrin ni ti Rām, ‘Rām kī bahan’ ni. Bí ọ̀rọ̀-atọ́kùn bá sì tẹ̀ lé ohun ìní tó jẹ́ akọ, ‘kā’ á di ‘ke’, nítorí ìtẹríba tí mo sọ lókè: ‘laṛke kā ghar’, ṣùgbọ́n ‘laṛke ke ghar meṁ’. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lóòótọ́, ìrísí mẹ́ta ló ní, ‘merā, mere, merī’, tèmi, sì ń tẹ̀ lé òfin yìí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí ẹ̀rín tí ará Íńdíà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ rín. Arọ́pò-orúkọ Híńdì kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin: ‘vah’ ni ó, bíi tiwa gẹ́lẹ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni èyí ń ṣe ní kàyéfì. Orí ọ̀rọ̀-ìṣe ni akọ àti abo ti máa ń jáde. Ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ tó túmọ̀ sí jẹ́ tàbí wà ni ‘hūṁ’ fún èmi, ‘hai’ fún òun, ‘ho’ fún ‘tum’, ‘haiṁ’ fún àwa, ẹ̀yin àti àwọn. Ohun tí a máa ń ṣe ní -tā, -te tàbí -tī ṣáájú rẹ̀: ọkùnrin á ní ‘maiṁ paṛhtā hūṁ’, mo máa ń kàwé, obìnrin á ní ‘maiṁ paṛhtī hūṁ’. Ohun tó ń lọ lọ́wọ́, èyí tí à ń fi ‘ń’ sọ, ní ‘rahā, rahe, rahī’. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ nígbà náà ni ‘maiṁ Lakhnaū jā rahī hūṁ’: ‘jā’ ni lọ, ‘rahī’ dúró fún ‘ń’, ẹ̀yin gẹ́gẹ́ bí olùwà lẹ sì ni -ī tó wà ní ìparí rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohùn ọkùnrin lẹ gbọ́ lórí áàpù náà. Fún ọjọ́ iwájú, ‘maiṁ jāūṁgī’ ni n óò lọ lẹ́nu obìnrin, ‘maiṁ jāūṁgā’ lẹ́nu ọkùnrin. Bí ẹ bá sì fi ‘thā, the, thī, thīṁ’ rọ́pò ‘hūṁ’ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á padà sí àná: ‘maiṁ paṛh rahī thī’, mo ń kàwé nígbà náà.

Inú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní tó ga jù. Ọ̀nà mẹ́ta ni Híńdì fi ń pe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. ‘Tū’ wà fún Ọlọ́run, fún ọmọ kékeré àti fún ẹni tó sún mọ́ni pẹ́kípẹ́kí, bí ẹ bá sì lò ó fún àlejò, èébú ni. ‘Tum’ wà fún ọ̀rẹ́ àti àbúrò. ‘Āp’ ni ẹ̀yin ọlọ́wọ̀. Nítorí náà ‘baiṭho’ ni jókòó, ‘baiṭhie’ sì ni ẹ jókòó. Ọ̀wọ̀ náà kò mọ sí ojúkojú, ó ń dé ẹ̀yìn ẹni bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, níbi tí a ti ń sọ nípa bàbá kan ṣoṣo pé ‘wọ́n ti dé’. ‘Mere pitā jī ā rahe haiṁ’ ni bàbá mi ń bọ̀: ‘jī’ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fi tẹ̀ lé orúkọ, ‘mere’ dípò ‘merā’, ‘rahe’ dípò ‘rahā’, ‘haiṁ’ dípò ‘hai’, gbogbo rẹ̀ ti di púpọ̀ nítorí ọ̀wọ̀. Fún ìyá, ‘merī mātā jī ā rahī haiṁ’. ‘Rahī’ kò yí padà, ìránmú inú ‘haiṁ’ nìkan ló gbé ọ̀wọ̀ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu yín, etí wọn ń gbọ́ ọ. Lucknow tilẹ̀ lókìkí fún irú èyí, wọ́n máa ń fi ‘pahle āp’, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́, ṣe yẹ̀yẹ́ ara ìlú náà pé ọkọ̀ ojú irin lè lọ tán kí àwọn méjì tó gbà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n tún fẹ́ràn láti fi ‘ham’, àwa, pe ara wọn dípò ‘maiṁ’, nítorí náà kí ẹ má wo ẹ̀yìn láti wá ẹnìkejì.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Nínú Yorùbá, ebi ló ń pa mí, òtútù ló ń mú mi, ibà ló ń ṣe mí: ohun tó ń ṣe wá ni olùwà, àwa kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Híńdì ṣe ń tò ó. Wọ́n á fi ‘ko’ sára ẹni tí nǹkan ń ṣe, ‘maiṁ’ á di ‘mujhe’, nǹkan náà á sì wá di olùwà. ‘Mujhe bhūkh lagī hai’ ni ebi ń pa mí, ‘mujhe ṭhaṇḍ lag rahī hai’ ni òtútù ń mú mi, ‘mujhe bukhār hai’ ni ibà ń ṣe mí. Ẹ wo ‘lagī’ àti ‘rahī’: ọkùnrin náà yóò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ebi àti òtútù, tí wọ́n jẹ́ abo, ló ni ìparí náà. Ìmọ̀ èdè náà ń lọ bẹ́ẹ̀, ‘mujhe Yorubā ātī hai’, mo gbọ́ Yorùbá. Owó náà sì ń wà lọ́wọ́ wọn bó ṣe ń wà lọ́wọ́ wa: ‘mere pās paise haiṁ’, owó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má ṣe wá ọ̀rọ̀-ìṣe kan tó dúró fún ‘ní’, kò sí.

Ìbéèrè àti ìyísódì kò le. ‘Kyā’ níbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni ‘ṣé’: ‘kyā āp jā rahī haiṁ?’, ṣé ẹ ń lọ? Àwọn ọ̀rọ̀ ìbéèrè tó kù kì í sáré wá síwájú bíi ti Yorùbá, àyè wọn ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń wà: ‘āp kahāṁ jā rahī haiṁ?’, níbo lẹ ń lọ? ‘Nahīṁ’ náà ń dúró síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe: ‘maiṁ chāy nahīṁ pītī’, n kì í mu tíì. ‘Hūṁ’ ìparí sábà máa ń bọ́ sọnù níbẹ̀, kò sí ohun tó burú.

Ó wá ku ‘Rām ne roṭī khāī’. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ èyí tí kò gba àbọ̀, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán rọrùn láti sọ: ‘Rām āyā’, Rām dé, ‘Sītā āī’, Sītā dé, olùwà ló ni ìparí. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá gba àbọ̀, tí iṣẹ́ náà sì ti parí, ètò á yí padà. ‘Ne’ á bọ́ sẹ́yìn ẹni tó ṣe é, ‘ne’ náà á sì gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àbọ̀ ni yóò wá ni ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe. ‘Roṭī’ jẹ́ abo, ìdí nìyẹn tí ‘khāī’ fi ní -ī bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni Rām. Bí Sītā bá jẹ máńgòrò, ‘ām’, tó jẹ́ akọ, ‘Sītā ne ām khāyā’ ni. Bí róòtì bá jẹ́ méjì, ‘Rām ne do roṭiyāṁ khāīṁ’. Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́: láti inú ìsọ̀rọ̀ kan nínú Sanskrit, èdè àtijọ́ Íńdíà, ni ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ti wá, èyí tó dà bí ìgbà tí a bá sọ pé róòtì di jíjẹ láti ọwọ́ Rām, róòtì ni olùwà níbẹ̀. Híńdì ti pa ìtumọ̀ náà dà, ìparí ọ̀rọ̀ kò gbà láti tẹ̀ lé e.

Bí ‘ko’ bá wá so mọ́ àbọ̀ náà, bó ṣe máa ń rí tí àbọ̀ bá jẹ́ ènìyàn kan pàtó, kò sí ẹni tó ni ìparí mọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe á kàn dúró sí akọ ẹyọ kan: ‘Rām ne Sītā ko dekhā’, Rām rí Sītā. ‘Sītā ne Rām ko dekhā’ náà nìyẹn. Àwọn arọ́pò-orúkọ á di ‘maiṁne’, ‘tumne’, ‘āpne’, ‘usne’, ‘unhoṁne’. Ẹ óò sì rí i pé níbí, ‘maiṁne kitāb paṛhī’, mo ka ìwé náà, àti ‘maiṁne akhbār paṛhā’, mo ka ìwé ìròyìn, bákan náà ni wọ́n ń dún lẹ́nu ọkùnrin àti obìnrin, kò sí ẹni tó lè fi í mọ irú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Inú iṣẹ́ tó ti parí nìkan ni ‘ne’ ti ń wọlé, títí kan ‘maiṁne kitāb paṛhī hai’, mo ti ka ìwé náà. Ẹ kò gbọdọ̀ fi í sí ‘khātī hūṁ’, ‘khā rahī hūṁ’ tàbí ‘khāūṁgī’. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe díẹ̀ ni kì í gbà á bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè ní àbọ̀, ‘lānā’, mú wá, ‘bolnā’, sọ̀rọ̀, àti ‘bhūlnā’, gbàgbé, ló ṣe kókó nínú wọn: ‘maiṁ kitāb lāī’, mo mú ìwé wá.

Ẹ óò dé Lucknow, ẹ óò sì gbọ́ àwọn tí kò lo ‘ne’ rárá, tí wọ́n ń sọ ‘ham khānā khāe’ níbi tí ìwé yín ti ní kí ẹ sọ ‘hamne khānā khāyā’, a jẹun. Awadhi, èdè agbègbè tí Lucknow wà gan-an, kò ní ‘ne’, bẹ́ẹ̀ ni Bhojpuri tí wọ́n ń sọ síwájú sí i ní ìlà-oòrùn. Ohun tó wà nínú èdè abínibí wọn ni wọ́n gbé wọ inú Híńdì. Ẹ gbọ́ ọ kí ó yé yín, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò àti nínú lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìjọba, ẹ kọ ‘ne’.